Garawa Tí Monínúọlá Fi Sílẹ̀

Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹwàá, 1978.

Monínúọlá ọmọ mi, Àwẹ̀ró,

Báwo ni ara? Báwo ni òtútù? Báwo ni àwọn aláìsàn tí ẹ̀ ń tọ́jú? O kú uṣẹ́ o. Àwa wà láàyè níhìn-ín, a dúpẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ìwé yìí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Bí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, má fi mí ṣe ẹ̀sín. Sítáńdáàdì Síìsì ni mo kà, láti ìgbà náà abẹ́rẹ́ ni mo ń dì mú, kì í ṣe gègé.

Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Ta ni ẹni tó wọ kóòtù tó gùn dé kókósẹ̀ yẹn? Èmi bí ọmọ kan, ó sanra díẹ̀, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí mo rí nínú fọ́tò yìí fara jọ ọ̀gá ọlọ́pàá. Ṣé wọ́n ń fún yín lóúnjẹ ṣá? Ṣé o ṣì ń pe iyán ní uyán, àbí òyìnbó ti gba ìyẹn náà lẹ́nu rẹ?

Ọjọ́ kejì oṣù yìí ló pé ọdún kan tí bàbá rẹ ti lọ. A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a kọrin, a jẹun díẹ̀. Ràṣídátù ọ̀rẹ́ rẹ wá láti Ìyìn, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé. Òun ló fọ gbogbo abọ́. Ó bi mí bóyá o ń kọ̀wé. Mo ní o ń kọ ọ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù méjì. Ó ní, "Ó dára, Màámi. Ẹ̀yin ló fẹ́ràn." Mi ò mọ ohun tó wà láàárín yín, mi ò sì tíì bèèrè. Ṣùgbọ́n n ó bèèrè.

Bàbá Olúgbénga onígbàjámọ̀ ti yọ sáínbọ́ọ̀dù tí bàbá rẹ kọ fún un, ó ti gbé tuntun kọ́. Ìyẹn ló mú mi rántí nǹkan kan. Garawa rẹ dà? Garawa onírin tí bàbá rẹ fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ rẹ sí lára lọ́jọ́ tí o ń wọ iléèwé, tó ya ẹyẹ kan sí ìparí rẹ̀. Mo tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tú àjà, mi ò rí i. O kó pòtìmáńtò wálé nígbà tí o jáde, o kó bùláńkẹ́ẹ̀tì wálé, kódà o kó síbí títẹ̀ kan wálé. Garawa nìkan ni mi ò rí. Fèsì kíákíá.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.


Leeds, England.
Ọjọ́ keje, oṣù kọkànlá, 1978.

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti inú òtútù yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ènìyàn bá kúnlẹ̀ níhìn-ín, orúnkún ni yóò kọ́kọ́ dákú. Ẹ kú ìrántí Bàbá. Mo ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kóòtù tí ẹ ń bú yẹn, ẹ má bú u mọ́. Òun ló dá ẹ̀mí mi sí. Mo ṣì ń pe uyán ní uyán, àmọ́ kò sí ẹni tí n ó pè é fún.

Ní ti garawa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo rẹ́rìn-ín débi pé nọ́ọ̀sì àgbà tó ń ṣọ́ wa bi mí bóyá ara mi yá. Garawa! Lẹ́yìn ọdún méjì! Màámi, kò sí nílé. Ní iléèwé wa, ẹni tó bá jáde fọ́ọ̀mù fáìfù kò gbọdọ̀ gbé garawa rẹ̀ relé. Wọ́n ní ẹni tó bá gbé e relé yóò padà wá pọn omi, ìyẹn ni pé yóò fìdí rẹmi, yóò sì wá tún ìdánwò ṣe. Ẹni tó bá jogún bẹ́ẹ̀dì rẹ ló ń jogún garawa. Àìṣà, àbúrò Ràṣídátù, ló jogún tèmi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, a wọ aṣọ funfun, a kọrin títí ohùn wa fi há, mo gbé garawa lé Àìṣà lọ́wọ́, mo sì sáré dé ẹnu géètì láìbojú wẹ̀yìn. Ẹ̀yin náà mọ bí ìṣirò ṣe ń bà mí lẹ́rù lọ́dún yẹn. Ẹ sì rí i, mo yege. Ta ló mọ̀ bóyá garawa ló ṣe é?

Ó ti ń jò nídìí kí n tó fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá nílò garawa, ẹ lọ sí Ọjà Ọba, kí ẹ ra oníke mẹ́ta, n ó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Oníke kì í dípẹtà, kì í sì í wúwo lórí.

Ọmọ yín,
Monínúọlá.


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní, 1979.

Monínúọlá,

Mo kí ọ kú ọdún tuntun. O ó ti rí i pé mo pẹ́ kí n tó fèsì. Inú ló bí mi. Yunifọ́ọ̀mù mọ́kàndínlógún ni mo rán kí inú náà tó rọ̀.

Ta ló bèèrè oníke lọ́wọ́ rẹ?

Jókòó kí o gbọ́. Gbogbo Adó ni bàbá rẹ kọ orúkọ fún. Ó kọ ti onígbàjámọ̀, ó kọ ti oníbúrẹ́dì, ó kọ sára ọkọ̀ Ìgèdè àti ọkọ̀ Ìyìn. Nínú ilé tiwa yìí, kò kọ nǹkan kan. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi kọ orúkọ mi sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, kí ará ìlú lè mọ̀ pé aránṣọ wà níbí. "Ọ̀la," ni yóò wí. Mo sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́ títí, mo ń pè é ní Alàgbà Ọ̀la, yóò sì máa rẹ́rìn-ín, yóò gbé ọ̀dà rẹ̀, yóò lọ kọ ti ẹlòmíràn. Nǹkan kan ṣoṣo tó kọ fún ará ilé rẹ̀ ni garawa yẹn. O ò rántí? Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, kò jẹ́ kí ẹ̀dá kan bá òun sọ̀rọ̀. Nígbà tó ya ẹyẹ sí i tán, mo ní, "Bàbá Monínúọlá, ẹyẹ gbogbo ènìyàn ń wo iwájú. Kí ló dé tí tìrẹ ń wẹ̀yìn?" Ó ní ẹyẹ tó bá ń lọ iléèwé gbọ́dọ̀ máa wo ọ̀nà ilé.

Ní báyìí, wọ́n ti yọ ti onígbàjámọ̀. Àwọn olóṣèlú ti lẹ fọ́tò bo ti oníbúrẹ́dì, ẹ̀rín nìkan ló kù níbẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Ọkọ̀ Ìgèdè ti kun ọ̀dà tuntun. Bí mo bá ń rìn nígboro, ńṣe ló ń dà bí ẹni pé wọ́n ń pa ọkọ mi rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ń dùn mí, Monínúọlá. Mo fẹ́ garawa mi. Ó jò o, kò jò o, mo fẹ́ ẹ.

Mo ti dé ilé Sàlàkọ́, bàbá Ràṣídátù. Àìṣà kò sí níbẹ̀, ó wà ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Ràṣídátù, tó wá lo ìsinmi ọdún nílé, ni mo bá. Ó ní òun mọ ọwọ́ ẹni tí garawa wà. Mo ní, "Ọlọ́run ṣeun." Ó ní ṣùgbọ́n òun ò ní sọ. Ó ní kí Monínúọlá fúnra rẹ̀ kọ̀wé wá bèèrè. Ó fi ẹ̀wà àti dòdò ṣe mí lálejò, ó sìn mí dé títì, ó bá mi gbé àpò, kò sọ. Mi ò rí olórí kunkun tó níwà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kí lo ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ?

Ìyá rẹ.


Leeds, England.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejì, 1979.

Màámi, ẹ̀yin ìyá mi,

Ẹ dárí jì mí. Mo ka lẹ́tà yín níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì méjì sì kọjá lójú mi. Mo rántí o. Mo rántí bí ọ̀dà pupa ṣe ta sí ṣòkòtò rẹ̀, tí ẹ sì ń bú u. Èmi ni mo ṣe bí ẹni tí kò rántí. Nígbà tí mo ń gbé garawa lé Àìṣà lọ́wọ́, Bàbá wà láàyè. Mo rò pé yóò máa kọ nǹkan fún wa títí.

Ẹ bi mí ohun tí mo ṣe fún Ràṣídátù. Mi ò ṣe nǹkan kan, ìyẹn gan-an sì ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Lọ́jọ́ tí a jáde, a ṣèlérí lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé ìdáná pé oṣooṣù ni a ó máa kọ̀wé síra wa, bí ọ̀kan tilẹ̀ wà nílé ọkọ, bí èkejì tilẹ̀ wà lókè òkun. Mo kọ méje. Nígbà tí Bàbá kú, Ràṣídátù kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́jọ sí mi. Ó ní òun dúró níbi tó yẹ kí n dúró sí létí sàréè. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mi ò lè kà á lọ mọ́. Mo ká a, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo ní ọ̀la ni n ó fèsì. Ọ̀la di oṣù kan, oṣù kan di ọdún kan. Ó tún kọ méjì, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Ní báyìí, kí n wá kọ ọ́ pé kí ni? "Ràṣídátù, ó tó ọjọ́ mẹ́ta, garawa mi dà?" Ojú ń tì mí, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ló máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.

Ọmọ yín tí ojú ń tì,
Monínúọlá.


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta, 1979.

Ọmọ Alàgbà Ọ̀la,

O kú ìjọra. Mo ti ń rò ó pé imú nìkan lo gbà lára bàbá rẹ.

Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni fún ọ. Èmi kọ́ ni mo bá Ràṣídátù jókòó lábẹ́ máńgòrò. Ẹ̀rù ń bà ọ́ láti kọ ìwé kan ṣoṣo, ìwọ tí o ń gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ láàárọ̀ lálẹ́? Ojú tì ọ́ dáadáa, ó dára bẹ́ẹ̀. Ojú tó ń tini kì í pa ọwọ́ lára, mú gègé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ń le o. Ìyá ọmọ kan tó wá gba yunifọ́ọ̀mù sọ fún mi pé ọ̀gá tuntun tó dé iléèwé yín ti pàṣẹ. Kó tó di ọjọ́ ìbẹ̀wò ní ìparí oṣù karùn-ún, gbogbo garawa gbọ́dọ̀ di aláwọ̀ ewé, kí ó lè dọ́gba lójú àlejò. Nọ́ńbà ni wọn yóò máa kọ sí i, kì í ṣe orúkọ. O mọ ohun tí ọ̀dà ewé máa ń ṣe fún ọ̀dà pupa. Mo sáré lọ síbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ní kí n padà wá lọ́jọ́ ìbẹ̀wò. Mo ní, "Ọjọ́ ìbẹ̀wò á ti pẹ́ jù." Ó ní, "Ìyá, kì í pẹ́ jù láti bẹ ọmọ wò." Kí ni n bá sọ fún un? Pé garawa ni mo wá bẹ̀ wò?

O ó máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún Ràṣídátù. Mi ò sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́, yóò wá garawa náà fún mi lójú ẹsẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn bàbá rẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin méjèèjì yóò wà bí ẹ ṣe wà. Kí n rí garawa kan kí o sì pàdánù irú ọ̀rẹ́ yẹn, mi ò ṣe. Àgbà ti ń dé sí mi. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà ní Èkìtì yìí tí yóò máa bi ọ́ léèrè lẹ́yìn mi.

Nítorí náà, ìwọ ni kí o sọ ọ́ fún un. Má wí pé ọ̀la o. Wọ́n ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la, ṣùgbọ́n oṣù karùn-ún kì í ṣe ogún ọdún.

Ìyá rẹ, tí kì í ṣe alágbàbẹ̀.


Leeds, England.
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, 1979.

Màámi,

Mo ti kọ ọ́! Ojú ewé mẹ́wàá gbáko, kó lè fi méjì ju tirẹ̀ lọ. Mi ò mọ ilé tó ń gbé ní Ìyìn, ilé Bàbá Sàlàkọ́ ni mo kọ sára àpò ìwé. Mo sọ ti Bàbá fún un, ti ẹyẹ, ti ọ̀dà ewé. Mo sọ orúkọ yín gan-an fún un, pé ẹ̀yin tí Bàbá kò kọ orúkọ fún rí ni garawa ń dùn. Mo sì bẹ̀ ẹ́, láìfi ẹnu ẹlẹ́nu bẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo mú lẹ́tà ọjọ́sí jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, mo ka gbogbo rẹ̀. Ní ojú ewé kẹjọ, nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Àìṣà náà ti jáde o. Ó ti fi garawa rẹ sílẹ̀ fún Morẹ́nikẹ́ ọmọ Ìgèdè. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa orúkọ rẹ rẹ́."

Màámi, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni ìdáhùn yín fi wà lábẹ́ orí mi tí mo ń sùn lé e. Ẹ bú mi bó ṣe wù yín.

Morẹ́nikẹ́ náà yóò ti jáde lọ́dún tó kọjá. Mi ò mọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ràṣídátù nìkan ló mọ̀.

Monínúọlá.


Leeds, England.
Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún, 1979.

Màámi,

Mi ò gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ yín, mi ò gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ Ràṣídátù. Lójoojúmọ́ ni mo ń yẹ ilẹ̀kùn wò. Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ti ń ṣàánú mi, bó bá ti rí mi báyìí, yóò mi orí.

Ṣé ó kọ̀ ni? Ṣé wọ́n ti kùn ún? Bí wọ́n bá ti kùn ún, ẹ má fi pamọ́ fún mi, ẹ sọ ọ́.

Ẹ ò tilẹ̀ bú mi mọ́. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Monínúọlá.


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù karùn-ún, 1979.

Àwẹ̀ró, ọmọ mi,

Sinmi, fara balẹ̀, jẹun. Èébú tí o ń bèèrè wà nílẹ̀, n ó fi kún un lọ́jọ́ mìíràn. Ìròyìn gidi ni mo ń dúró dè tí mi ò fi kọ̀wé.

Bàbá Sàlàkọ́ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ rẹ̀, ó fi í sápò agbádá, ó wọ agbádá lọ sí Ìlọrin lọ ra ọjà, ó bọ́ ọ kọ́ síbẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wálé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá ni lẹ́tà tó tẹ Ràṣídátù lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Túsìdeè, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ti dé láti Ìyìn. Ó ti sunkún débi pé ojú rẹ̀ wú, ó sì gbéjà kò mí. "Màámi, ẹ wá sílé wa, ẹ jẹ ẹ̀wà wa, ẹ ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi!" Mo ní, "Ìwọ náà jẹ́ kí n jẹ ẹ̀wà, o ò sọ ibi tó wà fún mi." Ẹ̀rín bá ẹkún jáde lẹ́nu rẹ̀.

A mú ọ̀nà iléèwé pọ̀n. Ẹ̀ṣọ́ yẹn rí Ràṣídátù, ó ní, "Sẹ́níọ̀!" ó ṣí géètì gbagada. Èmi ni wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ ìbẹ̀wò o.

Monínúọlá! Ọ̀dà ni wọ́n ń kùn lọ́wọ́. Wọ́n ti da garawa délẹ̀ lórí pápá ní ìlà ní ìlà, ó ju igba lọ, gbogbo rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, aláwọ̀ ewé. Mo fẹ́ máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ràṣídátù ní kí n má wo ibẹ̀. Ó fà mí lọ́wọ́ dé ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Ọmọbìnrin kan ń bẹ níbẹ̀, Olúfúnṣọ́ lorúkọ rẹ̀, òun ló jogún bẹ́ẹ̀dì lọ́dọ̀ Morẹ́nikẹ́. Ó jókòó ṣinṣin, ó da síkẹ́ẹ̀tì bo ohun tó jókòó lé. Ó ní inú ń run òun, òun ò lè dìde. Ó rò pé ọ̀gá ló rán èmi wá! Ràṣídátù ní, "Dìde jàre. Ìyá ẹni àkọ́kọ́ nìyí."

Ó dìde.

Orúkọ rẹ wà níbẹ̀. MONÍNÚỌLÁ, pupa, bí ọjọ́ tó kọ ọ́. Wọ́n ti ń fi ọ̀dà tún un tẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n ń tọ ipa ọwọ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Àìṣà wà nísàlẹ̀ rẹ, Morẹ́nikẹ́ nísàlẹ̀ Àìṣà, Olúfúnṣọ́ nísàlẹ̀ Morẹ́nikẹ́. Oníkálukú ya ẹyẹ tirẹ̀. Ti Àìṣà ṣì jọ ẹyẹ. Ti Morẹ́nikẹ́ ti di pẹ́pẹ́yẹ. Ti Olúfúnṣọ́, kí Ọlọ́run forí jì í, ìkòkò onídodo ni mo kọ́kọ́ pè é. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń wẹ̀yìn. Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ń wẹ̀yìn. Ó ní àwọn ò mọ̀, bí àwọn ṣe bá a nìyẹn, àwọn ò fẹ́ yí i padà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, nínú omi ọṣẹ, mo sunkún. Láti ọjọ́ tí a sin bàbá rẹ, mi ò tíì sunkún tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wá fẹ́ gbé garawa, Olúfúnṣọ́ di irin ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Bó bá kúrò níhìn-ín, a ó fìdí rẹmi." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Kí ni kí n ṣe? Ọmọ tó jókòó lé orúkọ ọmọ mi kí wọ́n má baà kùn ún. Ràṣídátù lọ bá ọ̀gá, ó ṣàlàyé fún un, obìnrin náà ní kí wọ́n fi ẹyọ kan yẹn sílẹ̀ títí ìdánwò yóò fi parí. Bí mo ṣe lọ mú garawa nìyẹn tí mo fi garawa sílẹ̀. O ò rí i pé èmi náà ti di ọmọ iléèwé yín?

Ìyá rẹ.


Leeds, England.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà, 1979.

Màámi mi,

Lẹ́tà yín àti ti Ràṣídátù dé lọ́jọ́ kan náà. Ojú ewé méjìlá ni tirẹ̀, ọ̀tá mi ni. Mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ èébú, ó pín èébú náà sí ìsọ̀rí, ó ní bí òun ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé nìyẹn. Ní ìparí, ó ní òun ti dárí jì mí láti oṣù kìíní, òun kàn fẹ́ rí i pé ọwọ́ mi kò tíì rọ.

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, ìrẹsì mi sì jóná. Mo ti ń fèsì lọ́wọ́, mo ti dé ojú ewé kẹrin.

Nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Bí ẹ bá gbé garawa wálé, ẹni tí yóò jogún bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ Olúfúnṣọ́ ńkọ́? Kí ni yóò jogún? Mi ò fẹ́ kí okùn náà já sí ọwọ́ wa.

Ọmọ yín,
Monínúọlá.


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ kejì, oṣù keje, 1979.

Àwẹ̀ró,

Wọ́n gbé e dé lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn mẹ́rin ni: Ràṣídátù ló ṣáájú bí ọ̀gá àgbà, Àìṣà wá láti Ìbàdàn, Morẹ́nikẹ́ wá láti Ìgèdè pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́fà, Olúfúnṣọ́ ló ru garawa. Wọ́n ní garawa kì í ṣófo wọ ilé, wọ́n sì pọn omi kún un láti iléèwé. Garawa tó ń jò! Láti ibẹ̀ dé Òkè-Ìlá ló ń kán sílẹ̀, títì tutù lẹ́yìn wọn, Olúfúnṣọ́ rin gbingbin bí ẹni tó jábọ́ sódò. Nígbà tí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà mi, kò ju ife kan lọ tó kù. Mo mu ún.

Ní ti ẹni tí yóò jogún bẹ́ẹ̀dì, fọkàn balẹ̀. Oníke tí o ní kí n rà, mo ti rà á. Ẹyọ kan ni, má bínú. Olúfúnṣọ́ ti kọ orúkọ ọmọ náà sí i, ó sì ti ya ẹyẹ sí i. Ẹyẹ náà burú jọjọ, ṣùgbọ́n ó ń wẹ̀yìn. Nọ́ńbà tí ọ̀gá wọn fẹ́ wà lápá kejì.

Mo tún ní ẹjọ́ kan. Ràṣídátù sọ pé o ti kọ ọ́ sí òun pé oṣù Disẹ́ńbà lo ń bọ̀ wálé. Èmi tí mo bí ọ, ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ ni mo ti gbọ́. Mo bínú títí mo fi rántí pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fà á. N ó gún iyán. Àwọn náà ti ní àwọn ń bọ̀, Morẹ́nikẹ́ ní òun yóò gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n wá.

Mo gbé garawa sí ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì mi, àjákù aṣọ ni mo ń kó sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, Ràṣídátù mú agolo ọ̀dà pupa kékeré kan jáde nínú báàgì rẹ̀. Ó ní kí n jáde síta, kí n má wo ohun tí àwọn ń ṣe. Mo rò pé ara garawa ni wọ́n fẹ́ kọ nǹkan sí. Mo dúró lábẹ́ igi, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bára wọn jà pé ó wọ́, pé kò wọ́, títí wọ́n fi pè mí.

Kì í ṣe ara garawa. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni, lókè ilẹ̀kùn. Wọ́n kọ ÌBÍDÙN, ARÁNṢỌ. Wọ́n ní ìwọ lo sọ orúkọ mi fún àwọn nínú lẹ́tà olójú ewé mẹ́wàá. Monínúọlá, láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ ni gbogbo ayé ti ń pè mí ní Ìyá Monínúọlá. Bàbá rẹ nìkan ló ń pè mí ní Ìbídùn, mo sì rò pé ó gbé e lọ. Ó wọ́ díẹ̀ sí ọ̀tún. Ẹyẹ kan wà ní ìparí rẹ̀, ó ń wo inú ilé.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi dúró de ọ̀la ọkùnrin yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé ló dé.

Èmi ni,
Ìbídùn.